Àárọ̀ Tí A Lu Agogo ní Muṣin

Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi, fa àga rẹ súnmọ́ mi. Kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, má fi ọgbọ́n ilé-ìwé bá mi tún un ṣe. Bí mo bá ní "háà", kí ìwọ náà kọ "háà". Èmi ò kàwé, ẹnu mi ni mo fi ń kọ tèmi, ìwọ lo ní ọwọ́. Ẹ̀yin ọmọ yòókù tí ẹ óò kà á, ẹ má rò pé ìyá àgbà ti ń ṣàrán o. Orí mi pé. Ayọ̀ ló ń gùn mí.

Láti ọjọ́ tí Ìbùkún ti wọlé wá sọ fún mi pé wọ́n ti gba òun sí sẹ́mínárì, pé òun fẹ́ di àlùfáà, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Obìnrin! Láyé tiwa, obìnrin tí o bá rí nínú ọgbà sẹ́mínárì, ọkọ rẹ̀ ló bá wá. Mo dìde, mo jó nínú yàrá yìí títí eékún mi fi bẹ̀ mí. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, mo yọjú sí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi nǹkan di etí méjèèjì, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ń mi orí bí alángbá.

Mo ní, "Ìbùkún, kí lò ń ṣe?"

Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀. Mo wà ní kíláàsì."

Kíláàsì! Lórí bẹ́ẹ̀dì! Tòun ti búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí! Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo béèrè pé olùkọ́ dà, ó ní olùkọ́ wà ní Yábàá, àwọn ẹgbẹ́ òun kan wà ní Ìbàdàn, òmíràn wà ní Àbújá, gbogbo wọn ló wà nínú fóònù yẹn. Mo ní, "Agogo ńkọ́?" Ó ní, "Agogo wo, Màmá?"

Agogo wo! Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n ní kó jókòó kọ èyí. Ìgbà ò lọ bí òréré, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí sẹ́mínárì má ní agogo, ó dà bí ìgbà tí ẹ bá sọ fún mi pé òkun ò níyọ̀ mọ́.

Ọgbà sẹ́mínárì tí ọkọ mi ti kẹ́kọ̀ọ́, tí àwa ìyàwó bá wọn gbé, wà ní ìhà Yábàá, ẹ̀yìn ojú irin, níbi tí ilé alájà pọ̀ sí báyìí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń háyà. Láyé ìgbà yẹn, igbó ṣì wà níbẹ̀, a ń gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ lálẹ́. Agogo ńlá kan wà tí wọ́n so kọ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ọgbà. Òun ni ọba wa. Ó ní bó ṣe ń dún fún àdúrà àárọ̀, gọ̀, gọ̀, gọ̀, bí ẹni tí oorun ṣì ń kùn. Ti ẹ̀kọ́ a máa yára. Ti oúnjẹ a dún kíákíá bí ẹni tí ebi ń pa ẹni tó ń lù ú. Àwọn ọmọ wa tí wọn ò tíì mọ orúkọ bàbá wọn mọ̀ wọ́n yàtọ̀. O lè máa bẹ ọmọ kó dákẹ́ ẹkún kó má dá a lóhùn, jẹ́ kí agogo oúnjẹ dún, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ gbé abọ́ wá.

Àwa ìyàwó náà ní kíláàsì tiwa, ní fàràndá. Ìyàwó ọ̀gá àgbà ló ń kọ́ wa. Ó kọ́ wa ní aṣọ rírán, ó kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ó ń fi àwòrán sọ ìtàn Bíbélì fún wa, a ó sì tún un sọ lẹ́nu ara wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò kàwé. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi sítáàṣì sí kọ́là ọrùn àwọn ọkọ wa. Èmi tí mo fẹ́ kí ti ọkọ mi dá yàtọ̀, mo po sítáàṣì náà bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, ó le kankan bí páálí. Ní ọjọ́ yẹn, ọkọ mi ò lè yí ọrùn. Bí wọ́n bá pè é lápá ọ̀tún, gbogbo ara ló ń yí sọ́tùn-ún bí ilẹ̀kùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ti di ọ̀gágun.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni ti àwọn igi. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní igi tó ń wàásù fún. Bẹ́ẹ̀ ni o! Bí oòrùn bá ti rọ̀, oníkálukú á lọ dúró níwájú igi tirẹ̀, á gbé Bíbélì dání, á sì máa kéde. Bí o bá ń kọjá lọ, wàá gbọ́ Mósè lábẹ́ máńgòrò, wàá gbọ́ Jónà lábẹ́ ọ̀pẹ, ọmọ onínàákúnàá á máa sunkún níbi igi àgbálùmọ̀. Obìnrin kan tó ń kiri ẹja gbígbẹ gba àárín wọn kọjá lọ́jọ́ kan. Ló bá gbọ́ tí ẹnìkan na ìka sí ọ̀kánkán rẹ̀ tó ké pé, "Ìwọ obìnrin yìí, gbogbo ìwà rẹ ló ti hàn sí ọ̀run!" Obìnrin náà rọra gbé igbá ẹja kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta ló wá sọ fún yín?" A rẹ́rìn-ín títí a fi ra ẹja rẹ̀ tán.

Igi fúrúùtù eléwé gbàràgàdà ni ti ọkọ mi, bàbá yín àgbà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Òun nìkan ni ẹyẹ kì í fò kúrò lórí igi rẹ̀ bó bá ń wàásù. Ohùn rẹ̀ ni. Ọkùnrin gíga, apá rẹ̀ le bí ti káfíńtà tó jẹ́, àmọ́ bó bá sọ̀rọ̀, àfi kí o tẹ́ etí. Lónìí, kí ni wọ́n máa fi ìyẹn ṣe? Àwọn pásítọ̀ òde òní, bí wọ́n bá húkọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, fèrèsé ilé mi nínú Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó níbí á gbọ̀n. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ ni gbohùngbohùn rẹ. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọkùnrin tínínrín kan tó ń gbé agbòjò kiri lẹ́ẹ̀rùn lójò, sọ fún un níwájú gbogbo wọn pé, "Arákùnrin, ohùn rẹ yìí ò lè jí ẹni tó sùn ní àga iwájú, ká má tíì sọ ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn."

Ó dùn ún. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín tí ẹ ò mọ̀, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fẹ́ parí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ lọ wàásù lójú pópó ní àárọ̀ Sátidé, ní àdúgbò tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n rí. Ìyàwó rẹ̀ á lu agogo ọwọ́, á dá orin, ọkọ á wàásù. Kì í ṣe ìyẹn ni ìdánwò o. Ìdánwò ń bẹ ní Sọ́ńdè. Nínú àwọn tó gbọ́ ìwàásù yẹn, ó kéré tán, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ọgbà wa. Ẹni yẹn la ń pè ní èso. Bí ìsìn bá parí, ọ̀gá á dìde, á pe akẹ́kọ̀ọ́ náà, á ní, "Èso rẹ dà?" Bí èso ò bá sí, kò sí iṣẹ́.

Àwọn kan gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù sí i. Ọ̀kan nínú wọn lọ mú àna rẹ̀ wá ṣe èso. Ọ̀gá bi bàbá náà pé, "Ẹ kú àbọ̀, bàbá. Kí lẹ gbọ́ nínú ìwàásù tó mú yín wá?" Bàbá náà ní, "Ìwàásù kẹ̀? Iyán ni wọ́n ní mò ń bọ̀ wá jẹ."

Ọkọ mi ti jáde lọ wàásù lẹ́ẹ̀kan, ní Ìpọ̀nrí. Ajá nìkan ló dúró gbọ́ ọ títí dé àmín. Ọ̀gá wá sọ fún un pé òun á fún un láyè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí kò bá sí èso, kó máa lọ sílé pẹ̀lú ìbùkún Ọlọ́run. Ilé wo? Nígbà tí a ń bọ̀ láti abúlé wa lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti kó ayùn àti ìfági rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un. Àbúrò ti fi gbéyàwó. Oyún bàbá Ìbùkún wà nínú mi nígbà náà, ó ń tàpá bí ẹṣin. Mo máa ń dùbúlẹ̀ kí n máa rò ó pé inú ilé ta la máa bí ọmọ yìí sí. Ohun tí agogo àárọ̀ Sátidé yẹn gbé lọ́wọ́ nìyẹn.

Muṣin ni wọ́n rán wa lọ. A fẹsẹ̀ rìn láti Yábàá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọ̀gá ń bọ̀ lẹ́yìn wa lókèèrè pẹ̀lú agbòjò rẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Àdúgbò náà dákẹ́. Àwọn mẹkáníìkì ò tíì ṣí, irin ọkọ̀ jókòó lójú títì bí egungun màlúù. A dúró níbi tí títì ti fẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan wà lẹ́yìn wa, àwa ò tilẹ̀ wò ó.

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, lù ú."

Mo lù ú! Ẹ̀yin ọmọ, mo lu agogo yẹn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo ní bí ohùn ọkọ mi ò bá dún, ti ọwọ́ mi á dún. Mi ò tíì lù ú jìnnà tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ fi ṣí. Òmíràn ṣí. Gbogbo fèrèsé ń ṣí, pàá, pàá, pàá. Èèyàn ń tú jáde! Ọkùnrin kan ń bọ̀ tòun ti pákò lẹ́nu, obìnrin kan ń fi ọwọ́ kan di ìró, ó ń fi ọwọ́ kejì fa ọmọ, bàbá arúgbó kan ń sáré tí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn. Ọkọ mi dì mí lápá mú. Omi ti lé sí i lójú. Ó ní, "Wò ó, ìyàwó mi, wo iṣẹ́ Olúwa!"

Mo ní, "Mo ń wò ó. Àmọ́ kí ló dé tí gbogbo wọn gbé garawa?"

Garawa, báfù, ìkòkò, agolo epo. Wọ́n sáré kọjá lára wa bí ẹni pé igi la jẹ́, wọ́n lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi. Ibẹ̀ la ti wá mọ̀. Ní àdúgbò yẹn, ìjà pọ̀ nídìí omi tẹ́lẹ̀, àwọn kan á ti fi garawa sun ibẹ̀ mọ́jú. Àwọn àgbà wá fòfin dè é: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé garawa jáde àfi bí ẹni tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ bá lu agogo. Agogo ọwọ́ ni. Ohùn rẹ̀ àti tèmi, bí ìbejì. Kò sí agogo méjì ní Muṣin nígbà yẹn fún wọn, ti omi nìkan ni.

Ẹ̀rọ wà ní títì pa. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ ò sì sí nílé! Ariwo bá sọ.

"Alàájì oníkọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ta ló lu agogo?"

Obìnrin kan tó sanra, Ìyá Muri ni wọ́n ń pè é, aránṣọ ni, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀ kùtù yẹn, òun ló kọ́kọ́ rí agogo lọ́wọ́ mi. Ó na ìka sí wa. "Àwọn nìyí! Ẹ wò wọ́n! Ẹ̀yin oníkọ́là, ẹ̀yin lẹ lu agogo?"

Mo ní, "Àwa ni, mà."

"Ó dáa. Ẹ ṣí omi."

Gbogbo ìwàásù tí ọkọ mi ti fi ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ sọ fún igi fúrúùtù fò lọ lórí rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń fò lọ. Ó wá ní, "Ẹ... ẹ jọ̀ọ́, mà. Omi ìyè la gbé wá fún yín."

Ìyá Muri gbé garawa rẹ̀ síwájú. "Omi ìyè? Bù ú síbí."

Háà! Gbogbo títì rẹ́rìn-ín. Èmi pàápàá, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ẹ̀rín gbé mi. Mo wo òdì kejì títì, mo rí ọ̀gá lábẹ́ agbòjò rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín, kò fajú ro. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ọkọ mi ò bínú. Ó tẹrí ba fún Ìyá Muri, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Níbo ni ilé Alàájì wà?" Wọ́n tọ́ka, ó sì lọ. Alàájì Oníkọ́kọ́rọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìrun ni, ó jáde tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló lu agogo mi?"

"Èmi ni, sà. Ìyàwó mi ni, àmọ́ èmi ni mo ní kó lù ú."

"Ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

"Rárá o, sà. Ìwàásù la wá ṣe."

"Ìwàásù! Ẹ wo èrò! Bí n ò bá ṣí i báyìí, wọ́n á fa páìpù tu." Ó ṣí i, ó ń kùn. Omi náà jáde tínrín bí ìtọ̀ ọmọ tuntun, nítorí àkókò rẹ̀ ò tíì tó. Kí garawa kan tó kún, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń retí kí iṣu ta. Ìlà sì gùn dé iwájú ilé kẹta. Kò sì sẹ́ni tó lè kúrò, nítorí ẹni tó bá kúrò ti sọ àyè rẹ̀ nù.

Mo rò pé ọkọ mi á ní ká máa lọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó gbé Bíbélì fún mi, ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn gbé garawa rù. Ẹni tí tirẹ̀ bá kún, á gbé e lé e lórí jẹ́ẹ́, kò ní dà sí i lára. Bó ṣe ń gbé e, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. "Obìnrin kan wà," ó ní, "òun náà wá pọnmi lọ́jọ́ kan. Ọ̀sán gangan ló máa ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a níbẹ̀."

Ẹnìkan lẹ́yìn ní, "Kí ló sọ? A ò gbọ́!"

Àwọn iwájú ní, "Ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ lè gbọ́!"

Wọ́n bá dákẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà síni lẹ́pọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé ó ní ohùn ààrá ni, wọn ì bá ti bá a pariwo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jáde bí omi ẹ̀rọ yẹn, tínrín, ìlà náà sì ń sún mọ́ ara wọn kí wọ́n lè gbọ́. Ó sọ bí àlejò kan ṣe jókòó sídìí kànga tó ní kí obìnrin náà fún òun lómi mu.

Ìyá Muri ní, "Kí ló dé tí kò fà á fúnra rẹ̀? Ṣé kò lápá ni?"

"Kò ní ohun ìfami, mà."

"Ó dáa, máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ."

Nígbà tó dé ibi tí àlejò ti sọ fún obìnrin náà pé ọkọ márùn-ún ló ti fẹ́, títì gbiná.

"Márùn-ún? Obìnrin yẹn lágbára!"

"Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ wọn ná."

"Òótọ́ lẹ sọ. Èmi tí mo fẹ́ ẹyọ kan, ṣé mo sùn dáadáa ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a ṣe é. Alàájì tó ti padà wọlé tẹ́lẹ̀ tún jáde wá, ó dúró tì wọ́n, ó káwọ́ gbera, ó ń díbọ́n pé omi lòun ń ṣọ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹni tí garawa rẹ̀ bá kún, àfi kó lọ. Ìyá Muri ni garawa rẹ̀ kún gẹ́lẹ́ nígbà tí obìnrin inú ìtàn náà fẹ́ dáhùn. Ó ní òun ò lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ní, "Ìyá Muri, ẹ kúrò, iṣẹ́ ń pè wá!" Wọ́n tì í, ó ń lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn, omi ń dà sí i léjìká. Kí omi tó dá, ọkọ mi ti dé òpin ìtàn, àmọ́ àwọn tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ, àwọn tó gbọ́ òpin ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀gá ti lọ. Kò bá wa sọ nǹkan kan.

Ẹ wo Sọ́ńdè! Mo wọ aṣọ tó dáa jù tí mo ní, bí ẹni tó ń lọ gbọ́ ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ ti tàn káàkiri ọgbà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Pásítọ̀ Alómi. A kọ orin àkọ́kọ́, ojú mi wà lẹ́nu ọ̀nà. A ka Bíbélì, ojú mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá gun àga ìwàásù, kò sẹ́ni tó wọlé. Mo ti ń di ẹrù nínú ọkàn mi, mo ti fi aṣọ wé ìkòkò kan.

Ni ilẹ̀kùn bá rọra dún. Alàájì Oníkọ́kọ́rọ́! Tòun ti fìlà funfun àti agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wọ mọ́sálásí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó jókòó sí àga tó gbẹ̀yìn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yí orí. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ mi, mo ní, "Èso dé!" Ọkọ mi mi orí. Ó ní, "Ẹjọ́ ló wá rò. O ò rí ojú rẹ̀ ni?"

Alàájì jókòó síbẹ̀ títí ìwàásù fi parí, títí a fi gbàdúrà ìkẹyìn. Ọ̀gá wá dìde, ó pe orúkọ ọkọ mi. "Èso rẹ dà?"

Ẹ̀yin ọmọ, ó lè tọ́ka. Ìka lásán ni. Ènìyàn kan láti Muṣin jókòó sẹ́yìn, gbogbo ojú ló rí i. Ọmọ tàpá nínú mi lákòókò yẹn bí ẹni tó ní kó tọ́ka. Àmọ́ ọkọ mi dìde, ó sì jẹ́ pé lọ́jọ́ yẹn, títí dé àga ẹ̀yìn ni a ti gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò ní èso. Bàbá tó wà lẹ́yìn yẹn, mo ṣẹ̀ wọ́n ni, ẹjọ́ mi ni wọ́n wá rò."

Ọ̀gá ní, "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Alàájì dìde. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹjọ́ ni mo wá rò. Láti àná, n ò sinmi. Mo lu agogo lónìí, wọn ò jáde kíákíá mọ́, wọ́n ń yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń bi mí bóyá ti omi ni àbí ti ìtàn. Ìyá Muri wá bá mi nílé, ó ní kí n sọ ohun tí obìnrin yẹn fi dáhùn. Ṣé èmi ni mo ni obìnrin yẹn? Àwọn tó wà níparí ìlà náà tún wá, wọ́n ní kí n sọ ìbẹ̀rẹ̀. N ò mọ ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ṣí omi tán, mo kọ́kọ́ padà wọlé, àárín ni mo bá. Ọkùnrin yìí ti dá iṣẹ́ sí mi lọ́rùn. Kó wá tò ó fún mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí n lè rí nǹkan sọ fún wọn, kí n sì ráyè jẹun."

Ṣọ́ọ̀ṣì ò lè mú ẹ̀rín mọ́ra. Ìyàwó ọ̀gá ń fi gèlè nu ojú. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ agbòjò tó gbé lé ẹ̀gbẹ́ àga ìwàásù bọ́ sílẹ̀ nítorí ara rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó ní, "Alàájì, ẹ jókòó. Láti ìgbà tí mo ti ń béèrè èso nínú ilé yìí, n ò tíì rí ẹni tí inú bí títí tó fi wá gbọ́ ọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi. Arákùnrin yìí, ṣé kí n rán an níṣẹ́ Ọlọ́run, àbí kí n dá a padà sí abúlé rẹ̀?"

Gbogbo wa yí ojú sí Alàájì. Ó wo ọkọ mi látòkè délẹ̀. Ó wò mí, ó wo ikùn mi. Ó tún wo ọkọ mi.

Ó ní, "Ẹ rán an níṣẹ́. Olóòótọ́ èèyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán an síbi tó jìnnà sí ẹ̀rọ omi mi."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi kúnlẹ̀, n ò lè dìde mọ́, àwọn obìnrin ló fà mí sókè, a ń rẹ́rìn-ín, a ń sunkún. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n rán wa lọ? Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Muṣin, àmọ́ nígbà yẹn kò sí ẹ̀rọ omi kankan níbẹ̀. Inú yàrá tí mo jókòó sí yìí gan-an la bí ọmọ wa sí. A kò sì kúrò mọ́.